Ikú Ilé Ní Ń Pa Èèrà

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú dída epo bẹntiróòlù sí ilé èèrà! Àwa náà ti ṣe é rí. Lóòótọ́, èèrà pupa tí wọ́n ń pè ní fire ant burú ju tanpẹ́pẹ́ ilé wa lọ, ó sì ń ta àwọn ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n epo ń ba ilẹ̀ àti omi abẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè gbiná. Ta ni yóò fẹ́ jẹ ewédú tí a gbìn síbi tí epo ti ṣàn?

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ wo ikú ilé èèrà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Texas ní Austin bẹ̀rẹ̀ sí í tú eṣinṣin kékeré kan sílẹ̀, Pseudacteon, láti Gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí fire ant ti wá. Eṣinṣin yìí a gún ẹyin sí èèrà lára. Ìdin a wọ́ lọ sínú orí, a jẹ ohun tó wà níbẹ̀ tán, orí a já bọ́, inú orí náà ni eṣinṣin tuntun yóò ti jáde. Ẹnìkan lè wí pé ìwọ̀nba èèrà ló ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni; ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ ń lé àwọn ìyókù wọlé, èèrà ìbílẹ̀ tí wọ́n jọ ń du oúnjẹ a sì rí jẹ. Epo tiwa kò mọ ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí àjèjì. Gbogbo wọn ló ń pa.

Crazy ant ńkọ́, èyí tí a rí lẹ́bàá Houston ní 2002, tí ń ba ẹ̀rọ iná jẹ́? Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ọ̀rá ara rẹ̀, àwọn àgbà èèrà tí ń tọ́jú ọmọ ni wọ́n sì ń kó o ràn wọ́n. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2022, gbogbo agbo tí àrùn yìí wọ̀ ló dínkù. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún wọn run pátápátá.

Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà onílé gan-an ni ọ̀tá ń gbà wọlé? Epo a pa èyí tó bá kàn, ìyá wọn tó wà nísàlẹ̀ lè yè é. Ẹ ra ìdẹ olóògùn, ẹ fọ́n ọn nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ èèrà yóò fúnra wọn gbé e wọlé, wọn yóò pín in láti ẹnu dé ẹnu títí yóò fi kan ìyá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá bá kú, ilé tú.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ dá epo padà sínú mọ́tò.