Ajá Yín Ti Darúgbó, Ẹ Ò Sì Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń sin ajá ràbàtà lẹ́yìn géètì, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ, kò sì ní dùn létí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà nílé ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan n'Íbàdàn. Ajá Boerboel kan wà ní ìloro rẹ̀, tí mo mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń gbé e mọ́ra bí ọmọ ọwọ́, tí gbogbo ilé ń bá a ya fọ́tò. Ó ti pé ọmọ ọdún 8 báyìí. Ó gbóhùn mi, ó fẹ́ dìde wá kí mi. Ẹsẹ̀ iwájú gbéra, ti ẹ̀yìn ò tẹ̀lé e. Èékánná rẹ̀ ń ha táìlì, ó yọ̀, ó tún gbìyànjú, ó tún yọ̀. Nígbà tó sú u, ó dùbúlẹ̀ padà, ó wá ń fi ìrù na ilẹ̀ kí mi. Ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì ti yi bí awọ bàtà, ọ̀kan ti là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, nítorí orí táìlì lásán ló ti ń sùn látọjọ́ tó ti délé yẹn. Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ló ṣe ajá. Ó ní, "Bàbá, ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ẹ má dá a lóhùn. Mo ti ń wá ẹni tó máa rà á."

Ọ̀lẹ kẹ̀! Ara àgbà ló dé. Ta ló sì máa ra arúgbó ajá lọ́wọ́ rẹ, bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ sè é jẹ?

Ajá kékeré lè lo ọdún 12 sí 15 láyé. Great Dane, bó ti ga tó yẹn, ọdún 7 sí 10 ni tirẹ̀. Bí irú ajá bá ṣe tóbi tó ni ogbó ṣe ń yá a tó. Tí ajá ńlá bá ti pé ọdún 6 sí 7, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló yẹ kí dókítà ẹranko máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù, nítorí ọ̀rá tí ẹ ń pè ní ìlera, oríkèé itan rẹ̀ ló ń gbé e.

Láti kékeré lẹ ti ń ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Egungun ajá ńlá ń dàgbà títí di oṣù 18 sí 24, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fẹ́ kó ga ní oṣù 6 kí àdúgbò lè pariwo. Ẹ ń ki oúnjẹ sí i lẹ́nu, ẹ tún ń da oògùn kálísíọ́mù lé e. Ara ọmọ ajá ò mọ bí a ti ń kọ kálísíọ́mù tó pọ̀ jù; egungun á wọ́, oríkèé á bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwo kan ṣoṣo lálẹ́. Ẹ ó febi pa á láti àárọ̀, ẹ ó wá gbé agbada ẹ̀bà kalẹ̀ fún un, á gbé e mì wọ̀ìwọ̀ì, ẹ ó sì tú u sílẹ̀ kó máa sáré. Nígbà tó bá yá, ikùn á wú, á le bí ìlù. Á fẹ́ bì, nǹkan kan ò ní jáde, itọ́ á máa ya lẹ́nu rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ẹ ó ní ará àdúgbò ló ju májèlé sí i. Kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan sí i! Afẹ́fẹ́ ló kún àpòlúkù rẹ̀, tó sì lọ́ po, àwọn ajá tí àyà wọn jìn ló sì ń bá jà jù. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń pa wọ́n. Ẹ pín oúnjẹ sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí àmì yẹn, ẹ má po àgbo, ẹ gbé e sọ́kọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á là.

Ẹ̀yin tí ẹ so ajá Caucasian mọ́lẹ̀ lábẹ́ páànù l'Ékòó lọ́sàn-án gangan, ìran ajá orí òkè olótùútù ni, irun rẹ̀ nípọn bí ẹní àtẹ́ẹ̀ká. Ibòòji àti omi tútù kì í ṣe ojú rere, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń há ibuprofen sínú ẹ̀bà fún ajá tó ń tiro, ẹ ń dá egbò sí i nínú, ẹ sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Tí ibi kan bá wú lára egungun ẹsẹ̀ tó fi ń tiro, ẹ má jókòó máa fi òrí pa á. Jẹjẹrẹ egungun ń bá ajá ńlá jà ju kékeré lọ. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ọdọọdún ni, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè náà ni mo ń fọn yìí.

Mo ti fi fóòmù kan tí ajá rẹ̀ á máa sùn lé ránṣẹ́ sí ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ajá yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nílé rẹ̀ láàyè. Ẹ̀yin tó kù, mo bẹ̀ yín, ẹ wá fóòmù àtijọ́ tẹ́ sábẹ́ tiyín kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí.