Ta ló ní ọmọ Aboabo kò lè pa oorun tì nítorí ìwé?

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 2007, àwọn ọmọdé tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, New York àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Aago 12 òru ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n lè ra ìwé keje, tó jẹ́ àṣekágbá, nínú ìtàn Harry Potter. Láàárín wákàtí 24, ẹ̀dà tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan lé ní mílíọ̀nù 8.

Àwọn kan á ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní Aboabo, àdúgbò Zongo nílùú Kumasi, Ghana, nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kò fẹ́ràn ìwé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Òru àti ìtàn kì í ṣe àjèjì síra wọn. Alẹ́ ni Yorùbá ń pàlọ́. Ẹni tó bá pa á lọ́sàn-án, àgbà á bá a wí.

Èrò ọjọ́ náà kò sì ṣàdédé wá. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1997, ẹ̀dà ẹlẹ́yìn líle 500 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ọmọ kan kà á, ó sọ fún èkejì, ẹlòmíì yá a kà. Ọdún 10 ni wọ́n fi gbin ohun tí wọ́n kórè lóru ọjọ́ kan.

Yorùbá náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọdún 1938 ni Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Lọ́dún 2018, Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé Children of Blood and Bone jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé mẹ́ta ni ìtàn náà, orúkọ òrìṣà ló sì kún inú rẹ̀. Òbí Mùsùlùmí lè kọminú sí èyí. Àmọ́ ìtàn ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, síbẹ̀ ó kọ̀wé nípa iwin.

Ohun tó wà ńbẹ̀ ju fàájì lọ. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí, di ẹrù wọn. Lónìí, Hausa àti Twi ni èdè ìgboro ní Zongo Kumasi. Ìwé ìtàn tó dùn wà lára ohun tó lè mú kí ọmọ ibẹ̀ tún bèèrè èdè bàbá ńlá rẹ̀.

Kò gba owó gegere. Bí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ bá yọ díẹ̀ nínú owó àríyá, wọ́n lè ra ẹ̀dà 20 ìwé kan, kí àwọn ọmọ máa gbà á kà láàárín ara wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n dá alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Iṣá'ì, tí wọn yóò ṣí páálí apá kejì lójú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí apá kìíní tètè dé ọwọ́ wọn. Ọmọ tí kò rí i kà, kí ni yóò máa dúró dè lóru?