Ìwé Ìpín àti Òṣùwọ̀n Gàárì

Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n àwọn ohun èlò tí ìyàn ogun sọ di pàtàkì kò bá a lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé pélébé tí a fi ń gba ìpín oúnjẹ ni olórí wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1940 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi òdiwọ̀n pín bọ́tà, ṣúgà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1954, nígbà tí a tú ẹran sílẹ̀, ni ètò náà tó dópin. Ìwé aláwọ̀ ewé ni ti aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wàrà má bàa wọ́n wọn. Lónìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa wò ó.

Kí ni àwa fi pamọ́ ní Èkó? Ìjọba kan náà ni ó ń ṣe àkóso wa nígbà náà. Ó fi òfin dá iye owó oúnjẹ, nínú ètò tí a fi orúkọ Captain Pullen pè. Iye tí ó dá lé gàárì kò mú èrè wá fún obìnrin tí ó rà á lóko tí ó sì san owó ọkọ̀. Nítorí náà gàárì kúrò lórí àtẹ, ó wọ ìkọ̀kọ̀. Ìwé ìpín ti Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí oúnjẹ fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́; iye owó tí a dá l'Ékòó kò fi gàárì sínú igbá ẹnikẹ́ni. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, títí a fi pa ètò náà tì ní ọdún 1945.

Ohun tí àwọn aláṣẹ kọ nípa ìjà yìí wà nínú ìwé ìjọba. Òṣùwọ̀n tí àwọn obìnrin náà fi ta ọjà ńkọ́? Bí ìwé aláṣẹ nìkan bá ṣẹ́kù, ẹnu aláṣẹ nìkan ni ìtàn wa yóò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ sí yàrá ìyá àgbà. Agolo àtijọ́ tí a fi wọn gàárì, owó kọ́bọ̀ onihò, ìwé gbèsè oníṣòwò: kí wọ́n béèrè ẹni tí ó ni ín, ọjà tí ó ná, ohun tí ó fi rà tàbí tà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó dà á nù. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ogun parí ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò pa àrọ́bá náà kò ní wà títí. Ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè nígbà tí ohùn ṣì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.