Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ o

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ àti gbogbo ọmọ Oòduà ní ìhà méjèèjì ẹnubodè! Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Ó ti di àṣà báyìí. Bí ọ̀gá kan nínú ṣẹ́ẹ̀sì bá fìdí rẹmi nínú ayò kúkúrú kan, eré lásán tí kò sí owó tàbí ife ẹ̀yẹ níbẹ̀, kíá ni fídíò rẹ̀ ti dé ọjà Wàńdó. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sórí ọ̀kadà tí wọ́n ń dúró de èrò á máa fi han ara wọn. "Ọ̀gá wo nìyẹn? Ẹ̀tàn ni!" Lábẹ́ fídíò náà, ẹ ó rí àwọn àgbà tí kò mọ bí ẹṣin ṣe ń rìn lórí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé òfìfo ni ọkùnrin náà.

Mo ní irọ́ ni, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ mú èyí tó pariwo jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ìròyìn tàn káàkiri pé ọmọ ọdún 9 kan ní Bangladesh pa Magnus Carlsen, ará Norway, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Carlsen yìí gba adé ayé lọ́wọ́ Anand ará India ní 2013, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sílẹ̀ ní 2023. Òǹkà rẹ̀ dé 2882 ní 2014, ibi tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Irú ayò wo wá ni òun àti ọmọ náà ta? Ayò ìṣẹ́jú 1. Ìṣẹ́jú 1 péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin! Bí ayò náà bá dé ìgbésẹ̀ 40, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ló kan ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó ń pè é ní ọta ìbọn, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ọwọ́ ló ń sáré níbẹ̀ ju orí lọ.

Carlsen yìí kan náà ló jókòó ní Dubai ní oṣù Kejìlá 2021, tí ó ta ayò kan ṣoṣo pẹ̀lú Nepomniachtchi ará Rọ́ṣíà fún nǹkan bí wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45, ìgbésẹ̀ 136, kí ó tó pa á. Èwo nínú méjèèjì ni ẹ fẹ́ fi mọ irú ẹni tó jẹ́?

Bí ẹ bá sì ń wá ìgbà tí wọ́n pa á nínú ayò kíákíá tó tó nǹkan, ẹ lọ wo oṣù kẹrin 2020. Alireza Firouzja, ọmọ ọdún 16 nígbà náà, bá a ta ayò oníṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ayò 16 ni wọ́n ta, Firouzja sì fi 8½ sí 7½ borí. Èyí ni mo gbà. Wọ́n ta á títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere láàárín wọn, kì í ṣe pé ẹnì kan gé ìṣẹ́jú àáyá 15 jáde kó wá máa pè é ní ẹ̀rí.

Ìṣirò wọn fúnra rẹ̀ kò sọ pé ọ̀gá kì í ṣubú. Láti 1970 ni FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ti ń lo òǹkà tí Arpad Elo gbé kalẹ̀. Bí òǹkà ẹnì kan bá fi 400 ju ti ẹlòmíràn lọ, wọ́n ṣì ń retí pé ẹni kékeré yóò mú nǹkan bí àmì 9 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ 200 ni, yóò mú nǹkan bí 24. Wọ́n ti ka ìṣubú mọ́ iṣẹ́ ọ̀gá kí ẹ tó ṣí fóònù yín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwa Yorùbá ni à ń ṣe eléyìí. Àwa tí a ni ayò ọlọ́pọ́n! Ihò 12, ọmọ ayò 48. Àwọn baba wa fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní orúkọ, ọ̀ta. Wọ́n fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ní tirẹ̀, ọ̀pẹ. Ta ló di ọ̀ta nítorí ayò kan? Ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ ni, lábẹ́ igi, lójú gbogbo àdúgbò. Ọ̀pẹ lè pa ọ̀ta lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọn á kọrin, wọn á fi ọ̀ta ṣẹ̀sín dáadáa, n kò sì sọ pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀sín wà lára adùn ayò. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ló mọ ohun tí ọ̀ta ṣe lánàá àti ní ìjẹta. Bí ọ̀pẹ bá padà wá lọ́la, ojú rẹ̀ á rí màbo. Kò sẹ́ni tó bọ́ orúkọ ọ̀ta lára ọ̀ta. Ẹ bi àwọn Gùn tí a jọ ń gbé ìlú, àwọn tí ń pe tiwọn ní adji, bóyá wọ́n ṣe é yàtọ̀.

Ọmọ Bangladesh náà ńkọ́? Ẹ rò pé ẹ ń yìn ín ni? Bí Carlsen bá jẹ́ òfìfo, ta wá ni ọmọ náà pa? Ọmọ tó ní olùkọ́, tó ń jókòó ti pátákó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ di oríire.

(Àwọn ọ̀gá kan náà kò gbẹ́yìn o. Bí wọ́n bá pa wọ́n, wọn á ní oorun ló ń kùn wọ́n, wọn á ní íntánẹ́ẹ̀tì ló já. Ìyẹn náà kò dára.)

Ẹ wo Túndé Ọnàkọ̀yà tí gbogbo wa ń pè ní ọmọ wa. Láti 2018 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Èkó ní ṣẹ́ẹ̀sì, títí kan àwọn ọmọ orí omi ní Mákòkó. Ní oṣù kẹrin 2024, òun àti Shawn Martinez ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York. Ní 2025 wọ́n sọ ọ́ di 64. A patẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn kan tí wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ náà gan-an pé oyè wo ló ní, ta ló ti pa rí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó ń kọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ bá wọn ta ayò kíákíá, yóò sì jẹ́ kí wọ́n pa òun nígbà míì, tàbí kí wọ́n pa á láìjẹ́ pé ó fẹ́. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ ti ń là. Bí gbogbo ìṣubú bẹ́ẹ̀ bá di fídíò ẹ̀sín, olùkọ́ wo ló tún máa jókòó níwájú ọmọ tó ní fóònù lọ́wọ́?

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé àwọn ọ̀gá wọ̀nyí kò mọ nǹkan kan, kó wá ọ̀ta ayò kan ládùúgbò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n jọ ta 20. Kó ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò, kó sì fi ogún náà ránṣẹ́ síbí, kò gbọdọ̀ yọ ọ̀kan kúrò.