OJÚ EWÉ ÌDÍLÉ: Nígbà tí pọ́ǹpù kànga kò bá gbọ́ràn mọ́



Ọ̀pọ̀ ilé ló ti fi okùn àti garawa sílẹ̀, tí wọ́n fi pọ́ǹpù oníná sínú kànga. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù náà bá dákẹ́, okùn ti rà, garawa ti fọ́, orí àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ni iṣẹ́ omi tún padà sí. Èyí tó tún burú ni pé a máa ń sáré lọ ra pọ́ǹpù tuntun, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn lásán ló tán nínú àgbá rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ á sì bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a lè ṣe fúnra wa, àti ohun tó yẹ ká fi sílẹ̀ fún oníṣẹ́.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Pọ́ǹpù ń ti omi láti inú kànga sínú àgbá irin tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ballon. Àpò rọ́bà kan wà nínú àgbá náà tí omi ń wọ̀, atẹ́gùn sì yí àpò náà ká. Bí omi ti ń wọlé, atẹ́gùn ń fún pọ̀. Bí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ, atẹ́gùn yìí ló ń ti omi jáde. Àpótí kékeré kan tí à ń pè ní pressostat ló ń tan pọ́ǹpù nígbà tí agbára omi bá lọ sílẹ̀, tó sì ń pa á nígbà tó bá tó. Bí àpẹẹrẹ, ó lè máa tan án ní bar 1.5, kí ó máa pa á ní bar 3. Aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò fi hàn yín. Ẹ kọ iye méjèèjì sára ògiri nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì le.

ÀWỌN ÀMÌ ÀÌSÀN RẸ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná rẹ̀ láti orísun. Iná mànàmáná àti ọwọ́ tútù kì í ṣe ọ̀rẹ́.

1. Ó ń tan, ó ń kú, ó ń tan, ó ń kú, kí garawa kan tó kún. Atẹ́gùn ti dín nínú àgbá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbàkígbà tí pọ́ǹpù bá tan, ó ń jẹ iná púpọ̀, ara rẹ̀ ń gbóná, títí yóò fi jóná. Lára àgbá, ẹnu kékeré kan wà bíi ti táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ tẹ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ díẹ̀. Bí omi bá jáde, àpò rọ́bà ti ya, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bí omi kò bá jáde, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ títí omi àgbá yóò fi tán pátápátá, nítorí pé bí omi bá ṣì wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n yóò purọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí a fi ń fẹ́ táyà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kí ó fi bar 0.2 dín sí iye tí pọ́ǹpù fi ń tan: bí ó bá ń tan ní 1.5, ẹ fẹ́ ẹ dé 1.3.

2. Ó ń tan lóru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bu omi. Omi ń sá lọ níbì kan. Ẹ ti ọ̀nà omi tó kọjá láti àgbá sínú ilé, kí ẹ wo aago. Bí ọwọ́ aago bá dúró, inú ilé ni omi ti ń jò. Bí ó bá ṣì ń lọ sílẹ̀, omi ń padà sínú kànga: ó lè jẹ́ pé clapet, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà, kò pa dé mọ́, tàbí kí páìpù ti là.

3. Ó ń ṣiṣẹ́ láìdúró, omi kò sì tó nǹkan. Ẹ pa á kíá. Omi tó yí pọ́ǹpù inú kànga ká ló ń tù ú lára. Bí omi bá gbẹ, yóò jóná. Nígbà ẹ̀rùn, ẹ fi okùn wọn omi, kí ẹ jẹ́ kí kànga sinmi. Ní Sábẹ̀ẹ́, níbi tí omi ti ń gba inú àpáta sun, sùúrù yìí ṣe pàtàkì. Bí omi bá pọ̀ nínú kànga, iyanrìn lè ti dí ẹnu pọ́ǹpù, tàbí kí inú rẹ̀ ti jẹ.

4. Ó kọ̀ láti tan. Ẹ wò ó bóyá iná wà, bóyá fíúsì ti já. Èèrà àti ọmọńlé máa ń wọ inú pressostat, wọ́n á sì dí ibi tí irin méjì ti ń pàdé. Bí pọ́ǹpù bá ń kùn láìyí, ẹ pa á, ẹ pe oníná. Ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti yí lè ti bàjẹ́, ohun náà sì lè gbé iná sára lẹ́yìn tí a ti pa ohun gbogbo.

5. Pọ́ǹpù orí ilẹ̀ kò lè fa omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà 7 lọ. Nítorí náà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní Àjàṣẹ́, níbi tí omi ti súnmọ́ ojú ilẹ̀, lè má wúlò rárá ní Kétu. Bí ó bá ń yí láìfa omi, atẹ́gùn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ bu omi kún un láti ẹnu òkè, kí ẹ tó tún un tàn.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láti lọ wo pọ́ǹpù. Okùn rẹ̀ ni kí ẹ fi fà á sókè, kì í ṣe wáyà iná. Atẹ́gùn inú kànga jíjìn lè burú débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò dákú kó tó ké. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ onípẹtiróòlù wọ inú kànga láé: májèlé inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ẹnì kan bá ṣubú síbẹ̀, ẹni tó sáré tẹ̀ lé e lè di òkú kejì.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi omi javel sọ kànga di mímọ́. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ má sì mu omi náà títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ.

Ẹ rántí obìnrin ará Samáríà nínú Ìhìn Rere Jòhánù Mímọ́, orí 4. Olúwa wa fúnra rẹ̀ jókòó létí kànga, ó sì tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Bí pọ́ǹpù aládùúgbò yín bá kú, ẹ má ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ ọn; ọ̀la lè jẹ́ ti yín. Kí okùn tó dára àti garawa kan má sì wọ́n nínú ilé, bí pọ́ǹpù tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.