Ìlú Etí Omi àti Odi Àwọn Ọmọ Ogun



Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ibi tí a ó rán wa lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ bá dé, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ń fi ọkàn sí. Bí a bá dárúkọ ìletò etí ọ̀sà kan, a ó gbọ́ tí àwọn kan ń mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a dá lẹ́jọ́. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ti ìlú kékeré kan fún yín, tí ó wà ní etí òkun Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phoebus. Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò náà kò ní fi ojú tín-ín-rín wo ìlú kékeré mọ́.

Phoebus wà ní etí Mill Creek, omi tóóró kan tí òkun ń kún wọ̀, tí ó sì tún ń fà kúrò nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní òdìkejì omi náà ni ilẹ̀ kan ti yọ sínú òkun, tí wọ́n ń pè ní Old Point Comfort. Lórí ilẹ̀ yìí ni odi àwọn ọmọ ogun wà, èyí tí í jẹ́ Fort Monroe. Ní ọdún 1819 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n, ó sì di ọdún 1834 kí ó tó parí. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n. Wọ́n wa yàrà yí i ká, omi sì kún inú yàrà náà. Nínú àwọn tí ó ṣe làálàá lórí odi yìí, àwọn ẹrú wà níbẹ̀ tí olówó wọn yá fún iṣẹ́, tí ó sì gba owó ọ̀yà wọn.

Àwọn ará àdúgbò náà jẹ́ apẹja àti apakàn; ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ni ọ̀pọ̀ owó ti ń wọlé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Harrison Phoebus ní ilé ìtura ńlá kan lẹ́bàá odi. Òun ni ó sapá kí ọkọ̀ ojú irin lè dé ibẹ̀ ní ọdún 1882. Nígbà tí ìlú náà gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1900, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé ọtí pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ibi tí ọmọ ogun bá wà, ẹni tí yóò gba owó oṣù rẹ̀ kò ní jìnnà. Ní ọdún 1952, wọ́n da Phoebus pọ̀ mọ́ Hampton, ìlú tí ó tóbi jù ú lọ. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn ọmọ ogun kó kúrò nínú Fort Monroe. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Ààrẹ Obama sọ ọ́ di ibi ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn àgbà wa sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Phoebus kò wó o. Àwọn ilé àti ilé ìtajà rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú tí ó bá fi ẹ̀yìn ti àpò ọmọ ogun níláti bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí ìpè ogun bá dákẹ́, kí ni yóò kù? Àdúgbò yìí ní ìdáhùn kan, ìdáhùn náà sì kan àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ òkun White Lion dé Point Comfort. Àwọn ènìyàn bí ogún ó lé díẹ̀ ni ó kó wá, tí a ti kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Angola. Oúnjẹ ni wọ́n sì fi wọ́n pààrọ̀. Igba ọdún kọjá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1861, nígbà tí Virginia ya kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú, ọkùnrin mẹ́ta fi òru wa ọkọ̀ ojú omi wá sí odi náà. Orúkọ wọn ni Frank Baker, Shepard Mallory àti James Townsend. Olówó wọn ti fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ odi àwọn ọlọ̀tẹ̀, wọ́n sì sá kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gágun Benjamin Butler, tí í ṣe agbẹjọ́rò kí ogun tó dé, ni ó ń ṣe olórí odi nígbà náà. Ìránṣẹ́ olówó wọn wá béèrè wọn, ó ní òfin pàṣẹ kí a dá ẹrú tí ó sá padà. Butler dáhùn pé bí Virginia bá ti sọ pé òun kì í ṣe ara Amẹ́ríkà mọ́, òfin Amẹ́ríkà kò ní ohun tí yóò ṣe fún un mọ́. Ó ní bí ọ̀tá bá sì ń pè wọ́n ní ohun ìní, tí ó ń fi wọ́n jagun, òun ní ẹ̀tọ́ láti gbà wọ́n bí a ti ń gba ẹrù ogun. Kò pè wọ́n ní òmìnira, ṣùgbọ́n kò dá wọn padà. Kíákíá ni ìròyìn tàn ká. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú aya àti ọmọ, títí iye wọn fi ju 10,000 lọ kí ogun tó parí. Odi tí ẹrú bá wọn mọ di bí ìlú ààbò inú ìwé Mímọ́.

Ìyà ṣì jẹ wọ́n níbẹ̀ o. Àyè há, àìsàn pọ̀, ọ̀pọ̀ ni ó sì ṣiṣẹ́ tí a kò san owó fún. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ti sun Hampton níná ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Lórí àlàpà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ àgọ́ sí. Nínú ipò yìí ni Mary Smith Peake ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, a kò bí i sí oko ẹrú. Ó sì ti ń kọ́ni ní ìkọ̀kọ̀ tipẹ́, nítorí òfin Virginia ti ọdún 1831 ka ìpéjọ àwọn ènìyàn dúdú láti kọ́ ìwé kíkà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1861, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́n kan, ó ṣí ilé-ìwé ní gbangba. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé abẹ́ igi óákù ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ wọn. Ikọ́ ife ń bá a jà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ni títí agbára fi tán. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1862, kò tí ì pé oṣù mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1868, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Hampton bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò náà. Booker T. Washington, tí a bí lẹ́rú, dé ibẹ̀ ní ọdún 1872; ní ọdún 1881 ó lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ ní Alabama. Ilé-ẹ̀kọ́ Hampton ti di yunifásítì. Igi óákù náà sì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ títí di òní.

Ẹnìkan lè wí pé odi ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, àti pé bí kò bá sí ìbọn ọmọ ogun, olówó ẹrú ìbá ti tú ilé-ìwé náà ká. Òótọ́ ni, a kò sì ní gba ọlá odi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi náà ti wà fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ó parí, láì fún ẹrú kankan ní ààbò. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, obìnrin aláìsàn kan sì ni ó fún àwọn tí ó wọlé ní ohun tí ogun kò lè fún wọn. Nísinsìnyí àwọn ọmọ ogun ti lọ, ilé-ẹ̀kọ́ sì wà.

Àwa náà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Etí omi Àgbádárìgì ni a ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni Samuel Àjàyí Crowther, tí a mú lẹ́rú ní ọdún 1821, dúró sí ní ọdún 1845 tí ó ń kọ́ni, nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta kò tí ì là.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá pín ìletò etí omi kan fún wa, tí a dé ibẹ̀ tí a kò bá ilé-ìwé tí ó pé, ẹ jẹ́ kí á wá igi tí ó ní ibòji kí á sì lu agogo. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní agbára.