Ibo La Ó Gbé Ajá Gbà Lóru? Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì,

Ọ̀rọ̀ ajá ló gbé mi wá, mi ò sì kà á sí ọ̀rọ̀ kékeré. Ajá ló ń ṣọ́ ilé wa ní Básírì àti Àjílosùn nígbà tí a bá sùn. Òun ló ń ṣáájú ọdẹ wọ igbó ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìjàn. Ṣùgbọ́n bí àìsàn òjijì bá kọlù ú lóru tàbí lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú àwa olájá kì í mọ ibi tí a ó sáré gbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kan ọmọ ènìyàn. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ ní àdúgbò, igi ni wọ́n máa ń fà yọ. Wọ́n á lu ajá pa, wọ́n á jù ú sígbó, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ parí. Kò parí rárá. Ajá tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti sọ nù, kò sí bí dókítà ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ní àrùn dìgbòlugi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sé e mọ́ láàyè níbi tí kò ti lè kan ẹnikẹ́ni, tí dókítà ẹranko sì ń wò ó fún ọjọ́ 10, òtítọ́ á jáde: bí àrùn náà bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ, ara rẹ̀ á fi hàn kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọmọ náà kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ kẹwàá o. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Eérú, ata àti irun ajá tí àwọn kan ń fi sójú egbò kò lè dá àrùn yìí dúró. Tó bá ti farahàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dún káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tó dùn mí ni pé kò yẹ kí abẹ́rẹ́ tí à ń fún ajá wọ́n wa. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹranko tó wà ní Vom, ní Plateau, láti ọdún 1924, ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Bí ajá 70 nínú 100 bá gbà á, àrùn náà kì í rọ́nà gbà mọ́. Ẹ bá wa gbé e dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, pẹ̀lú fíríìjì tó ń lo iná oòrùn, torí abẹ́rẹ́ tí ooru bá ti bà jẹ́ kò yàtọ̀ sí omi.

Nínú ilé, oògùn eku àti ọ̀tàpiapia ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí ajá bá jẹ ẹ́, epo pupa ni a máa ń rọ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ajá tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà máa ń bá lọ. Dókítà ló nílò, pẹ̀lú páálí májèlé náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ajá tó ń bì, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀: dírípù ló lè gbà á, kò sì lè dúró dọ̀la.

Ìrìn àjò ńkọ́? Ní gáréèjì, búùtù ni awakọ̀ máa ń ju ajá sí, wọ́n á ti fi okùn di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ, kí ahọ́n yọ síta, ló fi ń tu ara rẹ̀. Ẹni tó di ẹnu rẹ̀ nínú ooru búùtù láti Adó dé Àkúrẹ́ ti dí ọ̀nà pàtàkì tó ń gbà tura. Inú ọkọ̀ ló yẹ kó wà, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí omi wà nítòsí. Bó bá dákú, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tó máa wá dókítà. Ẹ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ kí wọ́n jáwọ́ nínú búùtù yìí.

Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Àwa olájá á ṣe tiwa: a ó gba abẹ́rẹ́ fún ajá wa lásìkò, a ó tọ́jú káàdì rẹ̀ sílé, pẹ̀lú ọṣẹ, báńdéèjì àti ìdẹnu tí kò ní dí ajá ní èémí. Tiyín ni kí dókítà ẹranko máa wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní Adó, kí ibi tí a lè sé ajá tó bu ènìyàn jẹ mọ́ wà, kí abẹ́rẹ́ ènìyàn má sì wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn ọmọ wa tó kọ́ ìṣègùn ẹranko ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin wà ńlẹ̀; ẹ gbà wọ́n síṣẹ́. Kí ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí ayé yà sọ́tọ̀ fún gbígbógun ti dìgbòlugi, tó dé, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù dókítà náà wà lára ògiri gáréèjì àti lára káàdì àjẹsára gbogbo, kí ẹni tó bá pè é ní aago méjì òru sì gbóhùn ènìyàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olájá kan ní Adó-Èkìtì